Àwọn tó mọ iná: bí wọ́n ṣe ń gbé ní Ifẹ̀ àtijọ́

Ọ̀rọ̀ yìí gùn, ẹ wá ibi jókòó sí. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ ní àdúgbò yín, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ fóònù yín kù kí bátìrì má baà kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín ọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé fídíò kékeré kan jáde nípa ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ìlẹ̀kẹ̀ wo? Ṣebí òyìnbó ló kó o wá. Kí la ṣe rí ní ilẹ̀ yìí?" Àwọn èèyàn rọ́ wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé òótọ́ ló sọ.

Mi ò bínú sí i. Níbi tí mò ń gbé, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Agége ni ilé wa. Tí mo bá wọ kórópe ní Pen Cinema, tí a gba Ògbà já sí Ọba Akran, ilé iṣẹ́ ló kún ọ̀nà náà lọ́tùn-ún lósì. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un ló ya ilẹ̀ yẹn sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ wọn, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Àwọn kan ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ máa rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, tí ojú wọn pọ́n, tí wọ́n ń ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́nu géètì. Àmọ́ géètì mìíràn ti dípẹtà. Òmíràn ti di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn ti di ibi ìnáwó, òmíràn ti di ibi tí wọ́n ń kó ọjà tó ti ilẹ̀ òkèèrè dé pamọ́ sí.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ alumíníọ́mù ni Dádì mi ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 22. Ìdí ìléru ni wọ́n wà. Ilé iṣẹ́ náà ti ti ilẹ̀kùn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Dádì mi ń ṣọ́ géètì báyìí, ní ibi tí wọ́n ń kó ọjà ilẹ̀ òkèèrè sí.

Torí náà, "kí la ṣe rí" yẹn, mo fẹ́ dáhùn ẹ̀ dáadáa. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní sọ fún yín pé ọba ni gbogbo wa tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ ni mo fẹ́ fi dáhùn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400.

Ilẹ̀ ilé la máa kọ́kọ́ wò. Ògiri amọ̀ ni wọ́n fi kọ́lé nígbà yẹn, ewé àti koríko ni wọ́n fi bò ó. Ògiri ti wó tipẹ́, òrùlé ti jẹrà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àgbàlá ṣì wà níbẹ̀. Àpáàdì ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ìkòkò tó ti fọ́ ni wọ́n máa ń kó jọ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á wá tò ó sínú ilẹ̀. Wọn kì í tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja bíi taìlì o. Wọ́n á gbé e nàró ni, etí ẹ̀ lẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Wọ́n á tò ó ní ìlà-ìlà, òmíràn á dà bí egungun ẹja. Ní ibòmíràn wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ funfun sáàárín ẹ̀ kó lè hàn. Ẹ rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri Ifẹ̀, ẹ tún rí i ní àwọn ìlú mìíràn títí dé orílẹ̀-èdè Benin àti Togo.

Mo lọ wo èyí tó wà ní Ìta Yemòó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó títí. Kò sí nínú àwọn àpáàdì yẹn èyí tí kì í ṣe ìkòkò ẹnì kan rí. Ẹnì kan fọwọ́ mọ ọ́n, ẹnì kan fi se ọbẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kan ó fọ́, wọ́n pariwo lé ọmọ náà lórí, àpáàdì sì di ilẹ̀ tí gbogbo ilé ń tẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé Agége, ẹ mọ ohun tí òjò oṣù keje ń fojú wa rí. Bàtà lọ́wọ́, sòkòtò ní orúnkún. Àwọn wọ̀nyẹn ti yanjú ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ nínú àgbàlá wọn láti bí ọdún 800 sẹ́yìn.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọọ̀ni obìnrin kan, Lúwoo, ló pàṣẹ pé kí wọ́n máa to àpáàdì sílẹ̀ nínú ìlú, torí pé kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, obìnrin. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún mi nínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ pé obìnrin ò jọba rí nílẹ̀ Yorùbá, ẹ kú iṣẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ibi ìdáná. Kí ni wọ́n ń jẹ? Iṣu ni ọba oúnjẹ. Ẹ̀wà wà, epo pupa wà, ẹ̀gúsí wà, ilá wà, ọkà bàbà wà. Àkàrà lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bà ò sí o! Kò sí gàrí, kò sí fùfú, kò sí láfún. Ẹ̀gẹ́ ò tíì dé ilẹ̀ yìí. Kò sí tòmátò, kò sí ata rodo, kò sí tàtàṣé. Atáre àti ìyèré ló ń ta wọ́n lẹ́nu. Kò sí ẹ̀kọ àgbàdo, torí kò sí àgbàdo. Gbogbo ìwọ̀nyí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí bẹ̀ kí ó padà ní 1492. Àwọn awalẹ̀pìtàn tiẹ̀ máa ń lò ó bí àmì. Tí wọ́n bá hú ìkòkò kan tí wọ́n rí ojú kùkù àgbàdo tí wọ́n yí lára ẹ̀ láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, wọ́n mọ̀ pé ìkòkò náà ò lè dàgbà ju ìgbà tí àgbàdo dé lọ.

Ẹ wá wo ohun tó dùn mọ́ mi. Ní àkókò kan náà tí Ifẹ̀ ń to àpáàdì, ìlú ńlá kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́bàá odò Mississippi, níwájú ibi tí St. Louis wà lónìí. Cahokia ni wọ́n ń pè é báyìí. Orúkọ tí àwọn onílùú náà fún un ti sọnù. Láti nǹkan bí 1050 sí 1350 ni ó gbilẹ̀. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé èèyàn tó 10,000 sí 20,000 gbé ibẹ̀ nígbà tó kún jù. Àgbàdo ni oúnjẹ wọn. Àgbàdo sísun tí ẹ máa ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹ̀gbẹ́ títì, tẹ́ ẹ máa ń fi àgbọn jẹ, àwọn yẹn mọ adùn ẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí ní Ifẹ̀.

Àwọn ará Cahokia ò ní ẹṣin, wọn ò ní kẹ̀kẹ́ ẹrù. Agbọ̀n ni wọ́n fi ru yẹ̀pẹ̀. Wọ́n rù ú títí wọ́n fi mọ òkìtì kan tó ga tó mítà 30, pẹrẹsẹ lórí, kí olórí wọn lè kọ́lé sókè ẹ̀. Òkìtì náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Wọ́n ní eré kan tí wọ́n máa ń ṣe: wọ́n á yí òkúta róbótó lórí ilẹ̀, àwọn eléré á máa ju ọ̀pá tẹ̀lé e, ẹni tí ọ̀pá tiẹ̀ bá sún mọ́ ibi tí òkúta dúró sí jù ló jẹ. Ẹ lè fojú inú wo ariwo tó máa wà níbẹ̀. Bí ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sátidé.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣe pàtàkì sí wọn. Ìkarahun inú òkun ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Ní ibojì kan ní Cahokia, wọ́n rí ọkùnrin kan tí wọ́n tẹ́ sórí ìlẹ̀kẹ̀ ìkarahun bí 20,000. Ṣùgbọ́n ẹ dúró kẹ́ ẹ tó pàtẹ́wọ́. Nínú òkìtì kan náà yẹn, wọ́n rí ihò kan tí wọ́n sin ọ̀dọ́mọbìnrin 53 sí pọ̀. Wọn ò kú ikú ara wọn.

Ifẹ̀ náà ò yọ sílẹ̀. Ère amọ̀ àti ti idẹ tó wà ní Ifẹ̀ ń fi ọba hàn wá, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀. Ó tún ń fi àwọn aláìsàn hàn, ẹni tí ìpá yọ lára ẹ̀, arúgbó tí ara ẹ̀ ti hunjọ. Ó tún ń fi orí èèyàn tí wọ́n dí lẹ́nu hàn, kó má baà lè gégùn-ún. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi máa ń dí èèyàn lẹ́nu láyé ijọ́un. Mi ò ní fi aṣọ funfun bo ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọn baba ńlá ẹ̀, kó fẹ́ràn wọn bí wọ́n ṣe rí.

Ó wá kan iṣẹ́ ọwọ́. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹni tó béèrè ìbéèrè yẹn ti tẹ́tí sílẹ̀.

Ibì kan wà ní Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun. Awalẹ̀pìtàn kan, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, ọmọ wa ni, lọ walẹ̀ níbẹ̀. Ní 2017, ìwé àkọsílẹ̀ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ jáde nínú ìwé ìròyìn Antiquity. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 ni wọ́n hú jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, àti ọ̀pọ̀ pàǹtírí gíláàsì tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́. Ẹ mọ ohun tí pàǹtírí ń sọ? Ẹni tó ra ọjà kì í ní pàǹtírí iṣẹ́. Ẹni tó ṣe é ló ń ní in. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ èyíkéyìí ní Ìkẹjà, ohun tí wọ́n kó dànù ló máa sọ fún yín ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀.

Wọ́n yẹ gíláàsì náà wò ní yàrá àyẹ̀wò. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò bá ti Lárúbáwá mu, kò bá ti Yúróòpù mu, kò bá ti Íńdíà mu. Ó bá òkúta àti yanrìn tó wà ní agbègbè Ifẹ̀ fúnra ẹ̀ mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran àti Akin Ige náà ti kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 2015, wọ́n sì dábàá pé ìkarahun ìgbín wà lára ohun tí wọ́n ń lọ̀ sí i. Ìgbín kan náà tí à ń jẹ o. Ẹran ẹ̀ wọ inú ọbẹ̀, ìkarahun ẹ̀ wọ inú iná.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: gíláàsì á yọ́ nínú ìkòkò amọ̀, wọ́n á fà á jáde nígbà tó ṣì gbóná, á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn tó ní ihò láàárín, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á wá fi iná pa etí ẹ̀ kó má baà géni lọ́rùn. Búlúù wà, àwọ̀ ewé wà, pupa wà. Sẹ̀gi tí wọ́n ń fi yangàn nínú oríkì, ẹbí ẹ̀ nìyẹn. Irú gíláàsì Ifẹ̀ yìí, wọ́n ti rí i jìnnà réré, títí dé Gao ní ilẹ̀ Mali, létí aṣálẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ṣe é, wọ́n lò ó, wọ́n sì tún tà á fún ará òkèèrè.

Mo ka gbogbo èyí fún Dádì mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Wọ́n ń jẹun. Mo sọ fún wọn pé ojú iná gíláàsì yẹn á lé ní 1,000 lórí ìwọ̀n Celsius. Wọ́n dúró, wọ́n gbé òkèlè sílẹ̀.

"Ẹ̀dá wo ló ń fẹ́ ẹ?"

Mo ní wọ́n ń fi ẹwìrì fẹ́ ẹ ni, èédú ni wọ́n ń dáná.

"Tiwa ò ju 660 lọ kó tó yọ́," wọ́n ní, "mọ́tò ńlá ló sì ń fẹ́ ẹ. Kí ni wọ́n fi ń wọn iná?"

Mo ní wọn ò ní nǹkan kan tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ojú ni.

Dádì mi mi orí. "Ojú ni àwa náà ń lò. Ẹ̀rọ tó ń wọn iná yẹn máa ń bàjẹ́. Tó bá bàjẹ́, èmi ni wọ́n máa ń wá pè."

Mo wá sọ fún wọn nípa bàbà. Orí Ọbalùfọ̀n tó wà ní Ifẹ̀, ìbojú tó tóbi tó ojú èèyàn gan-an, bàbà tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ pọ́ńbélé ni wọ́n fi dà á. Iná bàbà tó 1,085 kó tó yọ́. Ìda oyin ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ojú náà, wọ́n bo amọ̀ mọ́ ọn, ìda yọ́ jáde, bàbà gba ipò ẹ̀.

Ẹ ò mọ bí ojú Dádì mi ṣe rí. Wọ́n ní, "Pọ́ńbélé? Tí wọn ò lú nǹkan kan mọ́ ọn? Bàbà pọ́ńbélé le o. Ó máa ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Tó bá ń dì, á bu ihò-ihò. Kò tiẹ̀ fẹ́ ṣàn. Ẹni tó da ìyẹn, ọ̀gá ni." Wọ́n sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kejì.

Ní ọdún 22, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi Dádì mi léèrè ohun tí wọ́n mọ̀. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ nínú ìwé kankan tí mo kà ní yunifásítì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí "òyìnbó ló ṣe é". Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn. Ní 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ifẹ̀. Ó rí àwọn ère náà. Ó rí Orí Olókun, èyí tí wọ́n fi ṣe àmì eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ní Èkó ní 1973. Ó rí i pé iṣẹ́ ọ̀hún gbámúṣé. Kàkà kó wo àwọn tó dúró níwájú ẹ̀ kó sọ pé baba yín ló ṣe èyí, ó ní àwọn ará Atlantis ló ṣe é, ìlú inú ìtàn Gíríìkì tó rì sínú omi. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gba ìlú tí kò sí rárá gbọ́ ju pé kó gba àwọn tó ń wò ó lójú gbọ́.

Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún àwọn ti Mississippi. Àwọn aláwọ̀ funfun tó gba ilẹ̀ náà ní kì í ṣe àwọn Íńdíà ibẹ̀ ló mọ òkìtì wọ̀nyẹn. Wọ́n ní ẹ̀yà kan tó ti sọnù ni, pé àwọn Íńdíà ló tiẹ̀ pa wọ́n run. Ẹ rí ọgbọ́n inú ẹ̀? Tí kì í bá ṣe baba yín ló kọ́ ọ, kí lẹ fẹ́ fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe? Ní 1894 ni Cyrus Thomas kọ ìwé ńlá jáde lábẹ́ Smithsonian tó fi hàn pé irọ́ ni, pé baba ńlá àwọn Íńdíà gan-an ló kọ́ wọn. Nígbà yẹn, wọ́n ti wó òkìtì tó tóbi jù ní St. Louis palẹ̀ láti 1869.

Torí náà, tí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé "kí la ṣe rí", kò hùmọ̀ nǹkan tuntun. Ó ń ka ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ dè é.

Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ apá kejì ẹ̀, torí pé ìyẹn ló ń dùn mí. Iṣẹ́ gíláàsì Ifẹ̀ kú. Nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni iná náà jó àjórẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìlẹ̀kẹ̀ wá sí etí òkun, ẹrù-ẹrù. Nígbà tí Frobenius dé, àwọn èèyàn ń walẹ̀ ní Igbó Olókun láti hú ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ àti àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì gbẹ mọ́ inú ẹ̀. Wọ́n ń hú u tà. Olókun, òrìṣà ọrọ̀, ni wọ́n ní ó ni wọ́n. Ìran àwọn tó ṣe é ló wá ń wa iṣẹ́ baba wọn bí ẹni wa góòlù, tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́.

Ìmọ̀ kì í gbé inú nǹkan. Inú èèyàn ló ń gbé. Tí ẹni náà bá lọ tí kò fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìkòkò á wà níbẹ̀, iṣẹ́ á ti lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan ilé wa rèé. Àbúrò mi ọkùnrin pé ogún ọdún. Ọkùnrin kan wà lápá Ìjú tó ń fi àjákù alumíníọ́mù da ìkòkò, àwọn ìkòkò ńlá tí àwọn olóúnjẹ fi ń se ìrẹsì níbi ayẹyẹ. Dádì mi fẹ́ kí àbúrò mi lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, kí àwọn náà máa yà síbẹ̀ lọ́sàn-án láti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ iná. Àbúrò mi ò fẹ́. Mọ́mì mi náà ò fẹ́.

"Sista mi," àbúrò mi ní, "ẹ wo ọwọ́ Dádì. Ẹ wo ibi tí ọdún 22 gbé wọn dé. Ṣé géètì ni kí èmi náà lọ ṣọ́?"

Kí ni kí n sọ? Àpá iná wà ní apá òsì Dádì mi láti ìgunpá dé ọrùn ọwọ́. Ẹnì kan ju àjákù tó lómi lára sínú ìléru, ó bú gbàmù. Owó tó yẹ kí ilé iṣẹ́ náà san nígbà tí wọ́n ń lọ, wọn ò san án tán. Tí mo bá jókòó sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mò ń kọrin Ifẹ̀ sí àbúrò mi létí, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi mí pé ṣé Ifẹ̀ ló máa san owó ilé.

Nítorí náà mi ò kọrin Ifẹ̀ sí i. Ohun tí mo fi hàn án ni Bida. Ní Bida ní ìpínlẹ̀ Niger, àwọn ẹbí kan wà tí wọ́n ń pè ní Masaga. Láti ìrandíran ni wọ́n ti ń ṣe gíláàsì. Nígbà tí ìgò ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nílùú, wọ́n kó ìgò, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Mo fi Odumase Krobo ní Ghana hàn án, níbi tí wọ́n ti ń lọ ìgò kúnná bí ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń dà á sínú amọ̀, tí wọ́n ń sun ún di ìlẹ̀kẹ̀ tí àlejò ń fò wá rà. Àwọn wọ̀nyí ò jẹ́ kí iná kú. Ohun tí wọ́n ń yọ́ ni wọ́n pààrọ̀.

Ìgò mélòó ló ń jáde láti Ògbà sí Agége lójoojúmọ́? Ilé ọtí Guinness ti wà ní Ògbà láti 1982. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé ọtí èyíkéyìí ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Àbúrò mi wò ó, kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó béèrè lọ́wọ́ Dádì mi pé iná mélòó ni ìgò máa ń gbà kó tó rọ̀. Dádì mi ní àwọn ò mọ̀, pé gíláàsì kì í ṣe iṣẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n tí òun bá fi ojú kàn án, òun á mọ̀.

Kò tíì gbà o. Kí ẹnikẹ́ni má kí mi kú oríire. Ibi tá a bá ọ̀rọ̀ dé ni pé ó ń lọ sí Ìjú ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kò gbowó, kò sì sanwó, ó ń wò ó. Ọjọ́ yòókù, ó ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ta ike fóònù ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì. Mọ́mì mi ti fún un di ìparí ọdún. Tí kò bá sí owó nínú ẹ̀ nígbà yẹn, ó parí. Mọ́mì mi ò jẹ̀bi.

Ohun tí agbára mi ká ni mo ṣe. Mo gbé fóònù síwájú Dádì mi, mo ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Bí ògiri ìléru ṣe máa ń rí nígbà tó bá tó àkókò. Awọ tó máa ń bo ojú alumíníọ́mù, bí wọ́n ṣe ń há a kúrò láì há ojúlówó mọ́ ọn. Òórùn tó ń sọ fún wọn pé ọ̀dà wà lára àjákù. Bí wọ́n ṣe ń yan àjákù sórí iná kó gbẹ kí wọ́n tó jù ú sínú ẹ̀, torí ikú ni omi. Ìṣẹ́jú 41 ni. Wọn ò tíì sọ ìdajì.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí. Ẹ̀yin tí bàbá yín, ìyá yín, ẹ̀gbọ́n bàbá yín ti ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, Ògbà, Orégùn, Agége, Ìsọlọ̀, ibi yòówù kó jẹ́: aṣọ, táyà, bátìrì, ọṣẹ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ gbé fóònù síwájú wọn. Ẹ má béèrè bí ayé ṣe dùn nígbà náà, wọ́n á kàn sọ fún yín pé náírà lágbára. Ẹ béèrè ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti tó? Kí ni àṣìṣe tí àwọn ọmọ tuntun máa ń ṣe? Kí lẹ máa ń gbọ́ kí ẹ̀rọ tó bàjẹ́?

Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo ń kó o jọ. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀ sílé. Ẹ ṣáà gbà á sílẹ̀.

Sí ẹni tó bi mí pé kí la ṣe rí: ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè. Dádì yín ń kọ́? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe?